Ojú wọn la mọ̀, a ò mọ orúkọ wọn: Àwọn òṣèré dúdú tó ń pàdé ara wọn nínú sinimá Hollywood àtijọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwa mẹ́rin jókòó sínú yàrá kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì, a sì wo fíìmù méjì tẹ̀ léra. Iṣẹ́ kíláàsì ni, kì í ṣe fàájì. Èkíní ni The Most Dangerous Game tí ilé iṣẹ́ RKO gbé jáde ní 1932. Èkejì ni King Kong ti 1933, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú èkíní, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wà tó jẹ́ ìránṣẹ́ ọlọ́lá burúkú kan tó ń fi ènìyàn ṣe ẹran ọdẹ. Ivan ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ọmọ Cossack ni láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Odi ni, onírùngbọ̀n ni, ojú rẹ̀ sì funfun. Nínú èkejì, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó gúnlẹ̀ sí erékùṣù tí Kong ń gbé, baálẹ̀ erékùṣù náà sì jáde sí wọn pẹ̀lú ìyẹ́ lórí. Ọ̀kan nínú wa pariwo pé, "Ẹ dá a dúró! Ṣé kì í ṣe Ivan nìyẹn?"

Ivan ni lóòótọ́. Orúkọ òṣèré náà ni Noble Johnson, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àtíkè kun ojú rẹ̀ nínú fíìmù àkọ́kọ́ títí ó fi di òyìnbó. Nígbà tó di King Kong, wọ́n ní kó tún padà di dúdú. A dá fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀, a wá ń wá ojú kiri. Oníṣègùn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ baálẹ̀ yẹn ńkọ́? Òun náà ti wà nínú fíìmù àkọ́kọ́, ìránṣẹ́ kejì ni. Steve Clemente ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, iṣẹ́ jíju ọ̀bẹ ló sì fi gbajúmọ̀. Nígbà tí RKO sáré gbé Son of Kong jáde ní ìparí 1933 kan náà, baálẹ̀ àti oníṣègùn tún yọjú. Fíìmù mẹ́ta láàárín ọdún méjì, àwọn méjì kan náà, a ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn rí.

Ìdí kan tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Igbó kan náà ni wọ́n ti ya The Most Dangerous Game àti King Kong. Igbó àtọwọ́dá ni, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbìn ín sí. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ti King Kong ń lò ó lọ́sàn-án, àwọn kejì á sì gbà á lálẹ́. Fay Wray wà nínú méjèèjì: irun orí rẹ̀ gan-an ló gbé wá sínú ọ̀kan, wọ́n fi wíìgì aláwọ̀ wúrà bò ó nínú èkejì. Robert Armstrong náà wà nínú méjèèjì. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, owó sì ṣòro, nítorí náà ohun tí wọ́n bá ti san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, igi ni o, ènìyàn ni o, wọ́n á lò ó dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè, èyí kò ní jẹ́ tuntun sí yín. Nínú fíìmù tí àwọn mọ́mì wa máa ń wò, ẹni tó jẹ́ babaláwo lọ́sẹ̀ yìí lè di onílé tó ń lé ayálégbé jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ nínú fíìmù yẹn á sì di àbúrò rẹ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèré wa ló ń yan ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní Hollywood ayé ọjọ́un, ẹlòmíràn ló ń yàn fún wọn, ìwọ̀nba ipa tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ò ju ọmọ ọ̀dọ̀, awakọ̀, agbẹ́rù nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹlẹ́wọ̀n, àti "ará igbó" lọ. Bí ipa bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó ń wá a sì pọ̀, kò sí bí àwọn tó rí i gbà kò ṣe ní máa kọsẹ̀ lára ara wọn.

Noble Johnson gan-an ti gbìyànjú láti yẹra fún èyí. Missouri ni wọ́n ti bí i ní 1881, ó sì dàgbà ní Colorado Springs, níbi tí òun àti Lon Chaney, tó padà di ìràwọ̀ fíìmù ẹlẹ́rù, ti jọ jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ní 1916, ó wà lára àwọn tó dá Lincoln Motion Picture Company sílẹ̀, ilé iṣẹ́ sinimá tí aláwọ̀ dúdú ni, tó ń ṣe fíìmù fún aláwọ̀ dúdú. George, àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Omaha, ló ń bá wọn polówó ọjà. Fíìmù àkọ́kọ́ wọn, The Realization of a Negro's Ambition, sọ ìtàn ọ̀dọ́ dúdú kan tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Tuskegee, tó sì wá epo rọ̀bì rí. Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ kankan nínú ìtàn náà. Noble ló jẹ́ olú òṣèré.

Ṣùgbọ́n owó tí Noble ń fi gbọ́ bùkátà, ọ̀dọ̀ Universal ló ti ń gbà á, níbi tó ti ń ṣe ipa kéékèèké. Ohun tí àwọn òpìtàn sinimá sọ ni pé àwọn èrò dúdú ń yà síbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù Lincoln hàn nítorí pé wọ́n rí orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ Universal. Ní 1918, Noble fi ilé iṣẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ ló ti di gbogbo ẹ̀yà tán: ọmọ ọba Íńdíà nínú The Thief of Bagdad (1924), Queequeg nínú Moby Dick (1930), ìránṣẹ́ ará Nubia nínú The Mummy (1932), ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà nínú She Wore a Yellow Ribbon (1949). Ọkùnrin náà jẹ́ gbogbo ènìyàn tó wà láyé àfi ọ̀dọ́ dúdú tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí erékùṣù Kong, nítorí ibẹ̀ ni a ti sọnù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìtàn, erékùṣù náà wà nítòsí Sumatra. Ní ti gidi, ará Los Angeles ló kún ibẹ̀. Etta McDaniel wà láàárín èrò náà, ẹ̀gbọ́n Hattie McDaniel tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Madame Sul-Te-Wan náà wà níbẹ̀, ìyá tó ti ń ṣeré láti ìgbà The Birth of a Nation ní 1915, tí wọ́n sì tún lè rí ní 1954 nínú Carmen Jones gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà fún ẹ̀dá tí Dorothy Dandridge ṣe. Ọkùnrin kan tún wà láàárín àwọn oníjó tó wọ awọ ìnàkí, Everett Brown. A kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú fíìmù náà.

Ògiri ńlá tó wà níwájú abúlé yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Láti ara ohun tí wọ́n kọ́ fún The King of Kings ní 1927, fíìmù nípa Jésù, ni wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù Kejìlá 1938, wọ́n dáná sun ún kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún Gone with the Wind, wọ́n sì ya iná náà sínú fíìmù bí ẹni pé ìlú Atlanta ló ń jó. Ta ló wá wà nínú Gone with the Wind? Everett Brown ni. Ó ti bọ́ awọ ìnàkí sílẹ̀, ó ti di Big Sam, ẹrú olóòótọ́ tó gba Scarlett lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Ní ọdún mẹ́fà, ó ti kúrò lẹ́yìn ògiri, ó di ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Nínú Hollywood ìgbà yẹn, ìlọsíwájú nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń rí iṣẹ́ náà gbà ṣe pàtàkì. Ní 1925 ni àwọn ilé iṣẹ́ sinimá dá Central Casting sílẹ̀ láti máa pín iṣẹ́ fún àwọn òṣèré tí kò ní àdéhùn. Fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Charles Butler ni wọ́n fi síbẹ̀ láti máa yan ènìyàn. Bí olùdarí kan bá fẹ́ ogójì ènìyàn tó máa kó òwú, tàbí ẹni márùn-ún tó máa gbé àpótí, ọ̀dọ̀ Butler ni ìpè máa ń dé. Ẹni tí Butler bá mọ̀ ló ń pè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i pé agbẹ́rù inú fíìmù Warner lóṣù yìí ni agbẹ́rù inú fíìmù Paramount lóṣù tó ń bọ̀. Sam McDaniel, ẹ̀gbọ́n Hattie lọ́kùnrin, wọ aṣọ agbẹ́rù ọkọ̀ ojú irin nínú fíìmù lọ́pọ̀ ìgbà tó fi jọ pé aṣọ ara rẹ̀ ni.

Àwọn kan tiẹ̀ di tọkọtaya ojú àwòrán. Theresa Harris, tí wọ́n bí ní Houston ní 1906, àti Eddie Anderson, tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ sí Rochester lórí rédíò Jack Benny, jọ wà nínú Jezebel ní 1938, wọ́n tún pàdé nínú Buck Benny Rides Again ní 1940, àti nínú What's Buzzin', Cousin? ní 1943. Nínú Buck Benny, ẹ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń jó. Olú òṣèré kò sí nítòsí, wọn ò gbé tíì fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ni, fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà léwu. Ní ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò lè fi abẹ fá a kúrò. Lloyd Binford ní Memphis ló burú jù nínú wọn. Ní 1945, ó fòfin de Brewster's Millions pátápátá nítorí pé Eddie Anderson àti àwọn òyìnbó inú fíìmù náà ti mọwọ́ ara wọn jù lójú tirẹ̀. Rochester kò pa ènìyàn, kò jalè, ó kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ẹnu ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá The Green Pastures (1936) àti Cabin in the Sky (1943), fíìmù méjì tó jẹ́ pé dúdú nìkan ló wà nínú wọn. Rex Ingram ṣe Ọlọ́run nínú àkọ́kọ́. Nínú èkejì, ó di ọmọ Èṣù àwọn onígbàgbọ́ (ẹ má fi Èṣù tiwa kún un). Oscar Polk, tó jẹ́ áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì níbẹ̀, di díákónì níbí, lẹ́yìn tó ti lọ ṣe ẹrú tó ń jẹ́ Pork nínú Gone with the Wind. Eddie Anderson ni Nóà níbẹ̀, òun ni ọkọ Ethel Waters níbí. Butterfly McQueen wà níbí, Willie Best àti Mantan Moreland náà wà nínú àwọn tó ń bá ọmọ Èṣù gbìmọ̀ pọ̀. A wò ó tán, ó wá dà bí ìpàdé ẹbí, tí ènìyàn ń nawọ́ pé: ìyẹn nìyí, èyí nìyí, ọ̀hún nìyẹn.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ibi tí ariyanjiyan ti bẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hattie McDaniel. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, 1940, ó gba Oscar fún ipa Mammy nínú Gone with the Wind, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n fi í sí ní hòtẹ́ẹ̀lì Ambassador, ó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta ní oṣù Kejìlá 1939, kò sì sí òṣèré dúdú inú rẹ̀ kankan níbẹ̀. Lennie Bluett, ọ̀dọ́ kan tó wà lára èrò inú fíìmù náà, sọ nígbà tó dàgbà pé wọ́n kọ "funfun" àti "dúdú" sára ilé ìyàgbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pé òun ló sì mú Clark Gable lọ wò ó. Gable bínú, ó pe olùdarí, wọ́n sì yọ pátákó náà. Ẹ wò ó: ẹni tí kò ní orúkọ nínú fíìmù ló lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù.

Ní 1942, Walter White, akọ̀wé àgbà NAACP, lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ sinimá pé kí wọ́n dẹ́kun fífi dúdú ṣe ẹrú aláwàdà. Ohun tó tọ́ ló béèrè. Ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ bá àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà jókòó. Hattie bínú, Clarence Muse bínú. Muse tiẹ̀ ti kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ìṣòro òṣèré dúdú láti 1934, kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ìbẹ̀rù wọn ni pé bí wọ́n bá gba ipa ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò, wọn ò ní fi ipa dókítà rọ́pò rẹ̀, wọ́n kàn máa pa iná ni. Méjì nínú wa gbà pé White ló tọ̀nà, nítorí pé àwòrán yẹn lọ káàkiri ayé, àwọn bàbá bàbá wa pàápàá wò ó. Àwọn méjì yòókù ní ẹni tó ti jẹun yó ló ń sọ fún ẹlẹ́bi pé kó má jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. A ò tíì parí ẹ̀. Ohun tí a jọ gbà ni pé ó dùn wá pé wọ́n bá ara wọn jà nítorí ilẹ̀kùn tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n tì í.

Ibì kan wà tí àwọn òṣèré yìí ti pàdé tí kì í ṣe níwájú kámẹ́rà. Hattie McDaniel, Louise Beavers àti Ethel Waters ra ilé sí West Adams Heights ní Los Angeles, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Àwọn aládùúgbò òyìnbó kan gbé wọn lọ sí kóòtù pẹ̀lú àwọn dúdú mìíràn, wọ́n ní ìwé ilẹ̀ náà kò gba dúdú láyè láti gbébẹ̀. Lọ́yà Loren Miller ló dúró fún wọn. Ní oṣù Kejìlá 1945, Adájọ́ Thurmond Clarke dá ẹjọ́ náà nù, ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tako ẹ̀tọ́ tí òfin orílẹ̀-èdè fún gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ báni mú irú ìwé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Owó tí Hattie rí nínú ṣíṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ló fi ra ilé tó gbèjà níwájú adájọ́.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wá dé, àwọn mẹ́ta yìí tún bọ́ sínú aṣọ kan náà. Beulah, eré nípa ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń yanjú ìṣòro ilé òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ lórí ABC ní 1950 (ọkùnrin òyìnbó kan ló kọ́kọ́ ń fi ohùn ṣe Beulah lórí rédíò, ẹ fọkàn sí i). Ethel Waters ló kọ́kọ́ ṣe é, Butterfly McQueen sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oriole. Ethel kúrò, Hattie gbà á, àìsàn dá a dúró lẹ́yìn ìwọ̀nba díẹ̀. Louise Beavers ló wá wọ ipò náà ní 1952.

Ọ̀kan wà nínú irú wọn tó jẹ́ tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé London ló ti ṣiṣẹ́ jù. Orlando Martins, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1899, wà nínú Sanders of the River ní 1935 pẹ̀lú Paul Robeson, wọ́n sì tún pàdé nínú Song of Freedom ní 1936. Nínú The Hasty Heart ní 1949, ó jẹ́ Blossom, sójà Áfíríkà tó wà ní wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tó padà di ààrẹ. Ó darapọ̀ mọ́ Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká ní 1970, ó sì kú sí Èkó ní 1985. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tó wà ní London láàárín 1950 sí 1965, ẹ bi í léèrè bóyá ó mọ ojú rẹ̀.

Hattie McDaniel kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, 1952. Ó ti sọ pé itẹ́ òkú Hollywood ni òun fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n wọn kì í sin dúdú síbẹ̀ nígbà yẹn, Rosedale ni wọ́n gbé e lọ. Ọdún mẹ́wàá gérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, 1962, Louise Beavers náà kú. Oscar tí Hattie fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard sọnù níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i mọ́ títí wọ́n fi fún wọn ní òmíràn ní 2023. Noble Johnson pẹ́ jù wọ́n lọ. Fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn jáde ní 1950, ó sì kú ní 1978, ẹni ọdún 96. A ti rí ojú rẹ̀ nínú fíìmù mọ́kànlá báyìí, a ṣì ń wá a.